Nígbà Tí Ẹsẹ̀ Àwọn Ọmọ Pẹ́pẹ́yẹ Wa Rọ

Ìró ẹsẹ̀ ọmọ pẹ́pẹ́yẹ lórí ọ̀rá ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, kí n tó rántí ebi, kí n tó rántí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun tí ó kó gbogbo wa sí wàhálà. Ó máa ń dún ṣàlà-ṣàlà, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ tútù nu ògiri. Ẹ̀yìnkùlé ilé tí a gbé ní Ṣàngó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀, ni a kọ́ ilé kékeré wọn sí, ọmọ mọ́kànlá tí ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Oyún mi ti wọ oṣù kẹfà nígbà náà. Oyún àkọ́kọ́ ni, ìyàwó ọ̀ṣìngín ni mí, mo sì gbà pé kò sí ohun tí àgbà kan fẹ́ sọ fún mi tí n kò tíì mọ̀.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, irú ọ̀rá tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì àti omi tútù. Èyí tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n máa ń jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ kó o lọ sílé, nítorí náà kò ṣòro láti dá ilé òṣìṣẹ́ ọ̀rá mọ̀ ní àdúgbò wa. Ọ̀rá la fi bo tábìlì, ọ̀rá la fi dí ibi tí òrùlé ti ń jò, ọ̀rá la tẹ́ sábẹ́ ẹní. Nígbà tí ìyá ọkọ mi gbé akọ àti abo pẹ́pẹ́yẹ wá fún wa láti Ìwó nínú àpò kòkó, tí ó ní kí a máa sìn wọ́n kí ọmọ òun má bàa rí ẹran lójú àlá nìkan, ọkọ mi kọ́ ilé fún wọn. Ó tẹ́ ọ̀rá tó nípọn jù, tó ń dán bíi dígí, sí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Ó ní ìgbẹ́ wọn kò ní í lẹ̀ mọ́ ọn, garawa omi kan ti tó láti ṣàn án. Gbogbo ará ilé wá wò ó, wọ́n yìn ín, èmi náà sì yìn ín ju gbogbo wọn lọ.

Mo ráyè wò ó dáadáa, nítorí n kò ní iṣẹ́ mìíràn. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì tí mo ti ń di páálí ti ní kí a lọ sinmi nílé, pé ìyẹ̀fun ti wọ́n, wọn yóò ránṣẹ́ pè wá. Títí di òní olónìí, wọn kò tíì ránṣẹ́. Oúnjẹ adìẹ inú àpò ti kọjá agbára wa, nítorí náà eèrí ògì àti gaàrí rírẹ ni mo ń fún àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ náà, láàárọ̀ àti lálẹ́. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń sanra. Mo rò pé ẹni tó bá ti sanra, ara rẹ̀ le nìyẹn.

Ìyàwó télọ̀ ni aládùúgbò mi, ògiri kan ló là wá láàárín. Òun náà lóyún, bóyá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣáájú rẹ̀. Ẹlẹ́fẹ̀ ni, kò sí ẹni tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́, a sì fẹ́ràn ara wa. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, a jókòó sídìí kànga, àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ń tẹ̀ lé ìyá wọn kọjá, wọ́n ń yí ìdí, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde. Ìyàwó télọ̀ ní èmi gan-an bí mo ṣe ń rìn látìgbà tí ikùn mi ti yọ nìyẹn. Èmi náà bá dìde. Mo gbá ìró mọ́dìí, mo ya ẹsẹ̀, mo yọ ìdí sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ lẹ́yìn pẹ́pẹ́yẹ, mo ń yí ìdí bíi tiwọn. Ìyàwó télọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Bí mo ṣe rí i pé ẹ̀rín ń pa á, mo tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, mo sì ṣubú lápá kan bí mo ti rí i tí èyí tó kéré jù nínú wọn ṣe.

Ìyá onílé wa, arúgbó ọmọ bíbí Ọ̀tà tí kì í pariwo, ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Ìyàwó, dáwọ́ ẹ̀ dúró. Aboyún kì í sín ohun tó ń tiro jẹ. Ohun tí ìwọ ń sín jẹ níta, ẹni inú ń kọ́ ọ."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Ṣebí pẹ́pẹ́yẹ ni. Bí Ọlọ́run ṣe dá wọn láti máa rìn nìyẹn."

"Mo mọ̀ pé pẹ́pẹ́yẹ ni. Mo ní kí o dáwọ́ dúró."

Mo jókòó, ṣùgbọ́n bí ó ti wọlé, mo yọ ahọ́n sẹ́yìn rẹ̀. Mo tún sọ fún ìyàwó télọ̀ pé èmi ò bẹ̀rù ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó, ìwé mẹ́fà kọ́ ni mo kà. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mo sì fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀.

Kò pé ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà tí mo lọ fún wọn lóúnjẹ ní òwúrọ̀, tí èyí tó kéré jù kò dìde. Mo rò pé oorun ni. Mo fọwọ́ gbé e, mo fi ẹsẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì sì yà sọ́tùn-ún àti sósì, ó fi àyà lélẹ̀. Ó ń fi ìyẹ́ kékeré rẹ̀ wa ara rẹ̀ lọ síbi oúnjẹ. Ní ọjọ́ kejì, ó di mẹ́ta. Ní òpin ọ̀sẹ̀, mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá ni kò lè rìn mọ́. Ti àwọn mìíràn yà, ti àwọn mìíràn wọ́ sínú bí ọrun ọdẹ, oríkèé ẹsẹ̀ wọn wú, wọ́n ń fi í jókòó, wọ́n ń wò mí. Ojú wọn mọ́, ohùn wọn le, ebi ń pa wọ́n. Ẹsẹ̀ nìkan ni kò sí mọ́.

Ẹ̀rù bà mí. N kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó gùn mí dé ọrùn, ó sì dúró síbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò bá ṣẹ lówùúrọ̀, á ṣẹ lálẹ́, èmi sì ti yọ ahọ́n sí ọ̀rọ̀ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìgbà tí ọmọ inú mi ń ta. Bí ó bá ta lápá ọ̀tún, mo máa ń dúró kí ó ta lápá òsì, kí n lè mọ̀ pé ẹsẹ̀ méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kan wà tí kò ta rárá títí di ìgbà tí wọ́n pe ìrun alaásárì. Mo jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ọwọ́ nínú ẹ̀wù, n kò jẹun, n kò mumi, mo ń bẹ ẹni tó wà nínú mi pé kó jọ̀ọ́, kó gbá mi nípàá kan péré. Nígbà tó ta, mo sunkún.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá, èmi tí n kò bẹ̀rù arúgbó. Ìyá onílé kàn ń wo ilé pẹ́pẹ́yẹ, ó ń wo ikùn mi, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ìyàwó télọ̀ ní tirẹ̀ ti ń pè mí ní Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ. Ó ní kí n sè wọ́n kí ẹsẹ̀ wọn tó tán, mo sì fi ẹ̀rín bo ojú. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo ti bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú tí ẹnikẹ́ni kò rán mi: bí àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ yìí bá dìde, ọmọ mi yóò rìn. Bí wọn kò bá dìde, mo mọ ohun tí mo fọwọ́ ara mi fà. Mo ń ka Fátíhà sí wọn lẹ́sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ya ìborùn àtijọ́ kan sí tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, mo so ẹsẹ̀ wọn méjèèjì súnmọ́ ara kí ó má bàa yà mọ́. Bí ẹlòmíràn bá rí mi níbi tí mo dorí kodò pẹ̀lú ikùn yẹn, tí mo ń ka kéwú sí pẹ́pẹ́yẹ, yóò ní orí mi ti dàrú, kò sì ní jẹ̀bi.

Nígbà tí èyí àkọ́kọ́ kú, n kò lè fara dà á mọ́. Mo gbọ́ pé obìnrin kan wà ní ọjà Àtàn tí kì í ta nǹkan mìíràn ju pẹ́pẹ́yẹ lọ. Mo kó méjì sínú apẹ̀rẹ̀, mo fi aṣọ bò wọ́n, mo wọkọ̀. Títí a fi dé Àtàn ni wọ́n ń ké lórí itan mi, tí àwọn èrò ọkọ̀ ń wo ikùn mi àti apẹ̀rẹ̀ bákan náà. Obìnrin náà kò tilẹ̀ kí mi tán kó tó ki ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ wọn, ó fọwọ́ tẹ oríkèé, ó yí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wò.

"Kí ni wọ́n ń tẹ̀ nílé?"

"Ọ̀rá, Ìyá. Ó mọ́ tónítóní."

"Ọ̀rá!" Ó pe obìnrin tó wà nísọ̀ kejì kó wá gbọ́. "Ìwọ fúnra ẹ, bóo bá ń rìn lórí ọṣẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ẹ, ṣé ẹsẹ̀ ẹ ò ní yà? Kí ni wọ́n ń jẹ?"

"Eèrí àti gaàrí."

"Ìyẹn nìkan? Pẹ́pẹ́yẹ kì í ṣe adìẹ, ọmọ mi. Ara ẹ̀ tètè ń wúwo, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì ń fẹ́ nǹkan tí ò sí nínú gaàrí. Lọ ká ọ̀rá yẹn kúrò, kóo tẹ́ àpò kòkó sílẹ̀ kí èékánná wọn rí nǹkan dì mú. Wá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí ọkà bàbà, èyí tó máa ń sùn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, máa pò ó mọ́ oúnjẹ wọn. Wa ekòló fún wọn. Èyí tí kò bá tíì pẹ́ á dìde."

N kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Ó wò mí, ó wo ikùn mi, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

"Ta gan-an lò ń sunkún fún? Ṣé pẹ́pẹ́yẹ ni?"

Mo ní pẹ́pẹ́yẹ ni. Ó ní kò burú, ó ní kí n rọra máa lọ.

Ìyàwó Mùsùlùmí ni mí, ọmọ ilé kéwú, n kò sì tíì dé ibi tí wọ́n ti ń mu ọtí rí láyé mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, mo gbé abọ́ sábẹ́ ìborùn, mo lọ sí àtíbàbà kan nítòsí Toll Gate, níbi tí àwọn alábàárù tó wá láti òkè ọya ti máa ń mu ọtí ọkà bàbà. Obìnrin tó ń ta á rò pé èmi ni mo fẹ́ mu ún, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé, "Madam, e no good for pikin o." Nígbà tí mo ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni mo fẹ́, fún pẹ́pẹ́yẹ, gbogbo àwọn tó jókòó bú sẹ́rìn-ín, ó sì bù ú fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Bí mo ti ń jáde báyìí, ojú èmi àti ọ̀kan nínú àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wa ṣe mẹ́rin. Ó wo abọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní "Àsàláàmù àléékúmù," ó sì yára kọjá.

Kó tó di pé wọ́n kírun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ ti dé etí ọkọ mi. Ó wọlé, kò bọ́ fìlà, ó bi mí bóyá òótọ́ ni pé mo ń mutí. Mo mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo fi abọ́ hàn án, mo fi àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ hàn án, mo sì tú gbogbo ohun tó wà nínú mi sílẹ̀: bí mo ṣe sín wọn jẹ, bí ìyá onílé ṣe kìlọ̀, bí mo ṣe yọ ahọ́n. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín, tàbí kó bínú. Kò ṣe èyíkéyìí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wọnú ilé pẹ́pẹ́yẹ náà pẹ̀lú agbádá Jímọ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa ọ̀rá tó fúnra rẹ̀ tẹ́ ya. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ba òun náà.

Márùn-ún dìde. Kò yá, ó gba bí ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ kan mo bá wọn lórí àpò kòkó, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n dúró. Mẹ́ta ti kú. Ọ̀kan, èyí tó kéré jù, tí mo wò nígbà tí mo ń ṣubú lápá kan nídìí kànga, kò kú, kò sì dìde. Ó yẹ kí inú mi dùn, ó sì dùn fún wákàtí díẹ̀. Ṣùgbọ́n májẹ̀mú tí mo dá kò tíì sọ iye tó gbọ́dọ̀ dìde. Ta ni ọmọ mi nínú wọn? Ṣé ọ̀kan nínú márùn-ún ni, ṣé ọ̀kan nínú mẹ́ta, àbí èyí tó jókòó tó ń wò mí yìí? Mo gbé e lọ sínú yàrá, mo ń fi ọwọ́ bọ́ ọ. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á. Ìbẹ̀rù mi tún wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé wàyí o, n kò ní ohun kan tí mo lè ṣe sí i.

Ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀tà ni mo bí sí, ní ọ̀sán gangan. Agbẹ̀bí gbé ọmọ sókè, ó ní, "Obìnrin ni," èmi kò sì béèrè nǹkan mìíràn ju pé kó jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tú u sílẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì wọ́, wọ́n tẹ̀ sínú bí ọrun. Igbe tí mo ké lọ́jọ́ náà, n kò ké e nígbà tí mo ń rọbí. Agbẹ̀bí sáré padà, ó rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo ń wí, ó rẹ́rìn-ín títí.

"Gbogbo ọmọ tuntun ni ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń rí báyìí. Ibi tó ká jọ sí látọjọ́ yìí wá ńkọ́? Á nà." Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ le. "Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ lò ń bẹ̀rù, nǹkan tó ń jẹ ẹsẹ̀ ọmọ, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, wà níta lóòótọ́. Gbé e wá ká kán oògùn sí i lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀kan ò tó o. Gbogbo ìgbà tí a bá dá fún ẹ ni kóo wá."

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. N kò pa ọjọ́ kankan jẹ. Ọjọ́ òjò, ọjọ́ tí kò sí ọkọ̀, ọjọ́ tí epo bẹntiróòlù wọ́n tí gbogbo Ṣàngó ń fẹsẹ̀ rìn, mo pọn ọmọ mi, mo lọ. Ìyàwó télọ̀ ti bí ọkùnrin nígbà náà, ní ilé agbẹ̀bí ìjọ wọn, níbi tí wọn kì í ti í kán oògùn sọ́mọ lẹ́nu. Bí mo bá ti ń jáde, mo máa ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó máa ń ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ nítorí ooru. Ó máa ń ní, "Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, ibo lò ń lọ ní kùtù báyìí?" Mo máa ń ní ọjà ni. Bí mo bá sọ òótọ́, yóò bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń sáré bẹ́ẹ̀, n ó sì ní láti sọ fún un pé ọ̀rọ̀ arúgbó tí a jọ fi rẹ́rìn-ín kò jẹ́ kí n sùn. Ìtìjú yẹn ni n kò fẹ́.

Ọmọ mi rìn ní bí oṣù mẹ́tàlá. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ mi fi pọ́n, mo sì ṣe sàárà. Ní ọyẹ́ ọdún náà ni ibà mú ọmọ ìyàwó télọ̀, ibà ọjọ́ mẹ́ta péré. Nígbà tí ibà lọ, ẹsẹ̀ kan kò tẹ̀ mọ́ ilẹ̀, èkejì sì tẹ̀ lé e. Ó gbé e wá sí yàrá mi, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, a jọ ń wò ó. Kò ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ni? Èmi kọ́ ni mo sín pẹ́pẹ́yẹ jẹ, mo kàn rẹ́rìn-ín ni." Mo dì í mú, mo ní rárá, mo ní kì í ṣe ẹ̀rín. Òótọ́ ni mo sọ. Ìdajì òótọ́ ni.

Ó ti pẹ́. Ọmọ mi ti di ìyá ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ìyàwó télọ̀ ti di bàbá. Ó ń tún fóònù ṣe ní Ọ̀tà, kẹ̀kẹ́ onítáyà mẹ́ta tó ń fọwọ́ yí ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ pípé lọ. Bí àwọn tó ń kán oògùn sọ́mọ lẹ́nu bá wọ àdúgbò wa lónìí, èmi ni mo máa ń ṣáájú wọn kan ìlẹ̀kùn, àwọn ọ̀dọ́ ìyàwó sì ń sọ pé Ìyá yìí mà lójú àánú o. Mo máa ń kọjá sí ìlẹ̀kùn tó kàn.

Ìyàwó télọ̀ ṣì máa ń wá kí mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A ti darúgbó, a jọ ń jẹ obì, a jọ ń bú ìjọba. Nígbà mìíràn, láàárín ọ̀rọ̀, yóò ní, "Nǹkan kan wà tí mo ti fẹ́ bi ẹ́ látìgbà yìí." Ọkàn mi á já. Ó máa ń jẹ́ pé ọ̀rọ̀ iyọ̀ ló fẹ́ sọ, tàbí oògùn ẹ̀yìn dídùn, tàbí ọjọ́ tí ọmọ mi máa dé láti Ìbàdàn. Mo máa ń dá a lóhùn kíákíá, mo sì máa ń bu obì sí i fún un. Kò tíì bi mí, títí di òní, ibi tí mò ń lọ gan-an ní gbogbo òwúrọ̀ wọ̀nyẹn tí mo pọn ọmọ mi, tí mo dúró kí i, tí mo sì kọjá.